Aró Tó Wà Lára Gíláàsì Ojú Idì

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Ojú Idì, imú rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Imú náà pẹlẹbẹ, ó sì ń dán, gíláàsì kò lè jókòó sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kó má yọ̀ wálẹ̀. Tó bá ti yọ̀ wálẹ̀, á fi ìka àárín tì í padà sókè. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe é, bí ẹni tó ń mí ṣe kì í mọ̀ pé òun ń mí. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí imú yẹn ló dá gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí sílẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ni Ojú Idì ti lò ní ilé àyẹ̀wò tó wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn ńlá kan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Àwọn tí ikọ́ ń dà láàmú á tutọ́ sínú ike kékeré onídèérí, wọn á gbé e wá fún un, á mú díẹ̀ níbẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí dígí pélébé tí wọ́n ń pè ní síláìdì, á kùn ún, á wá fi ẹ̀rọ awò wò ó títí á fi mọ̀ bóyá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Ẹyọ kòkòrò kan kì í bọ́ mọ́ ọn lójú. Àwọn dókítà tó ti kàwé títí irun orí wọn fi re á ní kí wọ́n gbé e padà fún Ojú Idì kó tún un wò. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó: ẹni tí dókítà ń bẹ̀, ṣé kò ní gbéra ga díẹ̀? Èmi ò bá a wí.

Ó ku oṣù mẹ́rin kí Ọ̀gá Àgbà ilé àyẹ̀wò náà fẹ̀yìn tì, tọmọdé tàgbà ló sì mọ̀ pé Ojú Idì ló kàn. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ ibi tí òun máa gbé fọ́tò ọjọ́ náà kọ́ sí lára ògiri.

Ìwé kan wà ní ilé àyẹ̀wò yẹn tí wọ́n ń pè ní ìwé ìṣẹ̀lẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gún èèyàn, bí ike bá fọ́, bí nǹkan bá dà sílẹ̀, inú rẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹni tó kọ nǹkan síbẹ̀ kẹ́yìn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí abẹ́rẹ́ gún lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn. Kí ni wọ́n fún un? Kúẹ́rì. Lẹ́yìn kúẹ́rì, Ọ̀gá Àgbà gbé e lọ sí sítóò, ibẹ̀ ló sì wà tó ń to páálí ìbọ̀wọ́. Láti ọjọ́ náà, abẹ́rẹ́ kò gún ẹnikẹ́ni mọ́ o. Ike kankan kò fọ́. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n rẹ́rìn-ín. Ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ ọ̀hún ni wọ́n wá kì bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì kan tó ń mì ní kọ̀rọ̀ yàrá, ó sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ dáadáa.

Báyìí ni nǹkan wà tí obìnrin kan fi dé. Kò tíì ju ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n lọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ kì í ròkè. Wọ́n rán an wá láti máa mójú tó ààbò, kí àìsàn tó ń bọ̀ nínú ike má baà bá òṣìṣẹ́ lọ sílé. Kó tó dé, ìwé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní ààbò níbẹ̀. Wọ́n á gbé ìwé wá, wọ́n á ní kí o kà á, kí o tọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti tán nìyẹn. Ojú Idì ti tọwọ́ bọ̀wé lẹ́ẹ̀mẹrìnlá. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló kà, kò sì ka òun náà dé ìdí.

Obìnrin yìí kó gbogbo ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀, ó tì í. Ó ní ká gbọ́ nǹkan yàtọ̀ sí ká mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ní láti orí Ọ̀gá Àgbà títí dé orí ẹni tó ń nu ilẹ̀, òun fẹ́ fi ojú òun rí bí oníkálukú ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́, bó ṣe ń fọ ọwọ́, bó ṣe ń nu nǹkan tó bá dà sílẹ̀, àti pé òun nìkan kọ́ ló máa wò ó, ẹnìkejì á máa wo ẹnìkejì. Bí o bá sọ fún un pé o mọ nǹkan, kò ní bá ọ jiyàn. Á kàn ní, "Ẹ jẹ́ n rí i." Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn nìyẹn: Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì gan-an ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Inú bí Ojú Idì. Ó délé, ó rojọ́ fún ìyàwó rẹ̀ pé ọmọ tí òun lè bí ló fẹ́ máa wo bí òun ṣe ń bọ́ ìbọ̀wọ́, òun tí òun ti ń bọ́ ọ kí wọ́n tó já a lẹ́nu ọmú. Ìyàwó rẹ̀ ń ká aṣọ lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ṣe, kí ló dé tí ẹ ò fẹ́ kó rí i?" Ojú Idì ti gíláàsì rẹ̀ sókè, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ òun fún òun.

Ọmọ tó ń wí yìí, ọmọ ọmọ rẹ̀ ni, ọmọ oṣù mẹ́jọ. Ọkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin rìnrìn àjò iṣẹ́, ni ọmọ rẹ̀ bá gbé ọmọ tuntun wá sílé bàbá rẹ̀. Akọ̀wé ni bàbá àgbà ń pe ọmọ náà, torí gíláàsì ni ọmọ yìí fẹ́ràn láyé. Tó bá ti bọ́ sórí itan bàbá àgbà, ọwọ́ rẹ̀ á ti kan gíláàsì, á já a gbà, á sì ki ẹsẹ̀ gíláàsì náà, ibi tó máa ń rọ̀ mọ́ etí, bọ ẹnu. Á máa jẹ ẹ́ lẹ́nu, á máa da itọ́. Inú bàbá àgbà a sì máa dùn. Ìrọ̀lẹ́ ò lè lọ láìṣe bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ń kọ wọ́n lóminú ni pé Akọ̀wé ti ń wúkọ́ láti ọjọ́ méjìlá, ìyá rẹ̀ sì ti ní òun máa gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tó ṣáájú Ẹtì yẹn, ni Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I pe gbogbo wọn jọ. Ó gbé ike kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kalẹ̀ fún oníkálukú. Kì í ṣe kẹ̀lẹ̀bẹ̀ o. Sítáàṣì ló fi omi gbígbóná pò, ó da aró búlúù tí àwọn aṣe-kéèkì ń lò sí i. Ó ní kí wọ́n ṣe é bí iṣẹ́ òòjọ́ wọn, kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí síláìdì, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n kọ èsì, wákàtí kan gbáko. Ìbọ̀wọ́ wọn náà búlúù ni, ẹnikẹ́ni kò lè rí aró náà lára rẹ̀. Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I jókòó sórí àpótí kan ní kọ̀rọ̀, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé pélébé kan.

Nígbà tí wákàtí pé, ó ní kí wọ́n bọ́ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n fọ ọwọ́, kí wọ́n wá yẹ ara wọn wò. Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Ti ẹnìkan wà lọ́rùn ọwọ́, ti òmíràn wà lára fóònù, búlúù gbọọrọ kan wà lára ìdímú ilẹ̀kùn, kò sì sẹ́ni tó gbà pé òun ni. Ojú Idì ní tirẹ̀ rọra bọ́ ìbọ̀wọ́. Ó yí inú ti àkọ́kọ́ síta, ó ki ìka bọ abẹ́ ìkejì, ó yí òun náà, ó sọ wọ́n sínú garawa, ó fọwọ́, ó sì na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí gbogbo ayé rí i. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní. Ó wo Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I bí ẹni tó fẹ́ bi í pé ó kù sí ibo.

Obìnrin náà sún mọ́ ọn. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí àwọn yòókù má baà gbọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo dígí."

Dígí kan wà lókè ibi tí wọ́n ti ń fọwọ́. Ojú Idì wo inú rẹ̀. Àárín gíláàsì rẹ̀, lókè imú, ti di búlúù kìjikìji. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì náà búlúù dé ibi etí, níbi tó ti ń dì í mú. Ipa ìka wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lábẹ́ ojú. Ọmọ iṣẹ́ kan tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́, ni àwọn tó kù bá gbà á. Ojú Idì ní aró náà ló ta sí òun lára. Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I kò rẹ́rìn-ín, kò sì yájú sí i. Ó kàn fi ìwé pélébé náà hàn án. "Ìgbà mọ́kàndínlógún ni, sà. Mo kà á."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi tútù sí i lára. Ó fa áńkáṣíìfù yọ, ó fi tìbínú-tìbínú nu gíláàsì, ó nu ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó ní òun kò fọwọ́ kan gíláàsì. Bí aago ìparí iṣẹ́ ṣe lù báyìí, ó ti wà lẹ́nu géètì. Ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn nu nǹkan mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú gíláàsì ló nù. Kò nu ẹsẹ̀ rẹ̀.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tó délé. Ó jókòó sórí àga gbọọrọ, wọ́n gbé Akọ̀wé lé e lẹ́sẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹjọ́ náà fún ìyàwó rẹ̀: bí Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I ṣe dójú ti òun, bó ṣe ń ka ìka òun bí ẹni ń ka ẹran ọ̀sìn. Akọ̀wé ti já gíláàsì gbà ní tirẹ̀. Ojú Idì kò sì ríran rí ọ̀ọ́kán láìsí gíláàsì, ó kàn ń sọ̀rọ̀ lọ. Àfi bí ọmọ rẹ̀ obìnrin ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wo ẹnu Akọ̀wé, pé kí ni ọmọ yìí jẹ?

Ojú Idì gbé ọmọ náà sún mọ́ ojú. Ètè rẹ̀ búlúù. Ahọ́n rẹ̀ búlúù. Itọ́ búlúù ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí aṣọ. Ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín sí i, eyín méjì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù náà sì ti pa aró.

Aró kéèkì ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni, Ojú Idì mọ̀. Ṣùgbọ́n òní nìkan ni aró. Lánàá ńkọ́? Níjẹta ńkọ́? Kí ló wà lára ìka náà lánàá, kó tó ti gíláàsì sókè? Nǹkan tó ń fi ẹ̀rọ awò wá kiri láti ọdún mẹ́tàlélógún, ó wá fi ojú lásán rí ọ̀nà tó ń gbà bọ̀ wálé rẹ̀, ó sì gba inú ẹnu ọmọ ọmọ rẹ̀ kọjá. Ọmọ náà wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Idì já gíláàsì gbà, ọmọ fi igbe ta, òun náà kò dúró, ó gbé e lọ sídìí omi, ó fi aṣọ tó mọ́ nu ẹnu rẹ̀ títí omi fi funfun. Ọmọ rẹ̀ bi í pé kí ló dé. Ó ní aró ni, kò léwu. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé.

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ká a mọ́. Lọ́la, dókítà máa béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà nílé tó ń sún mọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ. Tó bá dákẹ́, wọ́n á fún ọmọ ní oògùn ikọ́ lásán, ó tán. Tó bá sọ ọ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, inú ọgbà kan náà ni dókítà àti ilé àyẹ̀wò sì wà, ìwé náà á dé orí tábìlì Ọ̀gá Àgbà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó sì mọ ibi tí wọ́n gbé ọmọkùnrin tí abẹ́rẹ́ gún lọ. Oṣù mẹ́rin péré ló kù.

Kò lè jẹun. Ìyàwó rẹ̀ wo àwo oúnjẹ, ó wo ojú rẹ̀, ó ní kó sọ nǹkan tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn, torí ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ojú Idì bá sọ ọ́. Ó sọ gbogbo rẹ̀ pátá, títí dórí ìgbà mọ́kàndínlógún. Ó rò pé obìnrin náà máa pariwo. Kò pariwo.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́," ló wí. "Ẹ̀yin ni àgbà tó wà lọ́jà yìí o, bàbá ọmọ mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ojú Idì ti dé ibi iṣẹ́ kí àwọn yòókù tó dé, yàtọ̀ sí Ìyá Ọlọ́ṣẹ, obìnrin tó ń nu ilẹ̀ àti tábìlì. Ó lọ tààrà sí kọ̀rọ̀, ó kúnlẹ̀, ó fa ìwé ìṣẹ̀lẹ̀ yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Tábìlì náà dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó gbọn eruku kúrò, ó ṣí ojú ewé tó tẹ̀lé ti ọmọkùnrin tí abẹ́rẹ́ gún, ó sì kọ nǹkan yìí síbẹ̀:

"Èmi tí mo ń wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ máa ń fi ọwọ́ tó wà nínú ìbọ̀wọ́ ti gíláàsì mi sókè. Mi ò mọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń ṣe é. Mò ń wọ gíláàsì náà lọ sílé. Ọmọ ọmọ mi máa ń fi í sẹ́nu. Ó ń wúkọ́."

Ó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìtọwọ́bọ̀wé kẹẹ̀ẹ́dógún rẹ̀ nìyẹn, òun sì ni àkọ́kọ́ tó nítumọ̀.

Ọ̀gá Àgbà dé, ó bá ìwé náà lórí tábìlì rẹ̀, Ojú Idì dúró síwájú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ti kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀gá kà á, ó tún un kà. Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn, torí wọ́n mọ dúrọ́ọ̀ tí ìwé kúẹ́rì wà, ọwọ́ Ọ̀gá sì ti wà lára rẹ̀. Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I ló kọ́kọ́ fọhùn. Kò sọ ju gbólóhùn kan lọ. Ó ní, "Ọ̀gá, bí ìwé yìí bá tún bí kúẹ́rì, abẹ́ tábìlì ló ń padà sí."

Ibẹ̀ ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ ti gbé garawa rẹ̀ sílẹ̀. Obìnrin yìí kì í sọ̀rọ̀ nínú ọ́fíìsì yẹn, àfi kó kí èèyàn. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń rí i. Ó ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí òun ti ń rí i tí Bàbá ń fi ìbọ̀wọ́ ti gíláàsì, tí wọ́n á sì gbé ojú lé ẹ̀rọ awò. Ojú Idì yíjú sí i, ẹnu yà á. Ó bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún òun.

"Ta ni mí, sà," ni Ìyá Ọlọ́ṣẹ fèsì, "tí mo fẹ́ sọ fún Ojú Idì pé kò ríran? Ohun tí agbára mi ká ni mo ṣe. Àràárọ̀ ni mò ń fi oògùn nu ibi tí ẹ ń gbé ojú lé, lẹ́ẹ̀mejì-méjì."

Ọdún mẹ́sàn-án! Ẹnìkan ti ń bá Ojú Idì lé ibi lọ láàárọ̀ kùtù fún ọdún mẹ́sàn-án, òun kò sì dúpẹ́ rí, torí kò mọ̀. Mélòó ni irú ìwọ̀nyí tó wà yí wa ká? Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní ń bá ni rí tẹni. Ṣùgbọ́n ẹni ẹlẹ́ni á rí i, kò ní lè wí, bí a bá ti sọ ara wa di ẹni tí wọn kì í bá wí.

Ọ̀gá Àgbà mú ọwọ́ kúrò lára dúrọ́ọ̀. Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀ Ojú Idì pé òun ti kà á, pé kò sí kúẹ́rì, pé kí wọ́n yẹ ọmọ náà wò lónìí olónìí, kí wọ́n yẹ bàbá àgbà náà wò. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n lọ pe ọkùnrin tó wà ní sítóò wá bá òun. Ohun tí àwọn méjèèjì jọ sọ, ilẹ̀kùn wà ní títì, n kò lè parọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́.

Dókítà àwọn ọmọdé jẹ́ obìnrin onísùúrù. Ó fara balẹ̀ gbọ́ Ojú Idì. Ó ní inú afẹ́fẹ́ tí a ń mí ni ikọ́ ẹ̀gbẹ sábà máa ń gbà, kì í ṣe ara gíláàsì, ṣùgbọ́n nǹkan púpọ̀ míì ló lè bá gíláàsì wọlé, òun kò sì ní fi ọmọ jòjòló ta tẹ́tẹ́. Ó ní ó dáa tí wọ́n sọ ọ́, torí kò sẹ́ni tó lè wá nǹkan tí kò mọ̀ pé ó sọnù. Wọ́n ya fọ́tò àyà ọmọ náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ kékeré kan lábẹ́ awọ láti fi dán an wò. Àárọ̀ mẹ́ta léraléra ni wọ́n sì fi rọ́bà tín-ínrín gba omi inú rẹ̀, torí ọmọ ọwọ́ kì í mọ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ tu.

Ibo lẹ rò pé wọ́n gbé omi náà lọ? Tábìlì Ojú Idì ni. Ṣùgbọ́n òfin ni pé èèyàn kì í yẹ ẹbí ara rẹ̀ wò, nítorí náà ọmọ iṣẹ́ tó rẹ́rìn-ín bí ewúrẹ́ yẹn ló bọ́ sí i. Àárọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Ojú Idì jókòó sórí bẹ́ńṣì ìta, níbi tí àwọn aláìsàn máa ń jókòó sí. Kò jókòó síbẹ̀ rí. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ńṣì náà le tó bẹ́ẹ̀, tàbí pé wákàtí kan lórí rẹ̀ gùn tó bẹ́ẹ̀. Gbogbo èèyàn tó ti ń retí èsì rẹ̀ ní gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ń kọjá lójú ọkàn rẹ̀. Ó ń gbàdúrà, ó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó jọ̀ọ́ má fi àìmọ̀ òun jẹ ọmọ yìí níyà.

Láàárọ̀ kẹta, ọmọ iṣẹ́ náà jáde. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní gbogbo rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lòun wò lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, bí wọ́n ṣe kọ́ òun, kò sí kòkòrò kankan. Fọ́tò àyà mọ́, abẹ́rẹ́ abẹ́ awọ kò wú, wọ́n yẹ Ojú Idì náà wò, àyà tirẹ̀ mọ́. Ikọ́ lásán ni, tí ojú ọjọ́ gbé wá, kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí ó ti lọ. Ojú Idì bo ojú rẹ̀, ó sunkún lórí bẹ́ńṣì náà láìtijú. Ọpẹ́ ló pọ̀ jù fún un, kò mọ ibi tó máa gbé e gbà.

Nígbà tó nu ojú rẹ̀ tán, ó lọ bá Ẹ-Jẹ́-N-Rí-I. Obìnrin náà ń lẹ orúkọ mọ́ ara garawa ìdọ̀tí. Ó dìde nígbà tó rí i, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí i, Ojú Idì sì dì í mú. Ó ṣí fìlà. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i. Ó ní, "Ẹ ṣé, ìyá mi."

Obìnrin náà ní kí Bàbá má pe òun ní ìyá, kì í ṣe òun ló kọ nǹkan sínú ìwé. Ojú Idì ní kó jẹ́ kí òun dúpẹ́ tòun, torí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, ó burú ju olóṣà tó kóni lẹ́rù lọ. Ó kúrò níbẹ̀, ó wá Ìyá Ọlọ́ṣẹ kàn lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń fún aṣọ ìnulẹ̀, ó dúpẹ́ ọdún mẹ́sàn-án lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ ẹni tó máa wo òun tí òun bá fẹ́ tún ìdánwò náà ṣe.

Ọjọ́ ìdánwò náà, gíláàsì tuntun wà lójú Ojú Idì, rọ́bà gbọọrọ dì í mọ́ ẹ̀yìn orí rẹ̀ bí ti awakọ̀ alùpùpù. Ìyá Ọlọ́ṣẹ jókòó sórí àpótí. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó tún ohùn ṣe, ó ní, "Ẹ jẹ́ n rí i." Gbogbo yàrá rẹ́rìn-ín, Ojú Idì náà rẹ́rìn-ín. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ rẹ̀ gbéra nílẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń lọ sókè. Ìyá Ọlọ́ṣẹ wúkọ́ díẹ̀ láti fi kìlọ̀. Ọwọ́ náà dúró lójú ọ̀nà, ó padà sílẹ̀ bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ká mọ́. Wọ́n ní kò yege lọ́jọ́ yẹn, ó sì gbà. Bí ẹṣin bá dá ni, gùngùn là á tún un gùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó yege.

Kí oṣù méjì tó pé, ìṣẹ̀lẹ̀ mẹ́tàdínlógún ló ti wà nínú ìwé náà. Abẹ́rẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún èèyàn, ike tún ń fọ́, wọ́n sì ń tọ́jú ẹni tó bá kàn kíákíá. Nígbà tí Ọ̀gá Àgbà fẹ̀yìn tì, wọ́n gbé ipò náà fún Ojú Idì. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó ṣe lórí àga ni pé ó gé pákó pẹlẹbẹ kan, ó fi ti ẹsẹ̀ tábìlì inú kọ̀rọ̀ yẹn.

Gíláàsì méjì ló ní báyìí. Ọ̀kan ń gbé ibi iṣẹ́, kì í kọjá ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ìkejì ń gbé orí àpótí aṣọ nílé. Bó bá délé nírọ̀lẹ́, á wẹ̀, á pààrọ̀ aṣọ, á gbé ti ilé wọ̀, á jókòó sórí àga gbọọrọ, Akọ̀wé á sì rá wá. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó fún un láyè padà, ọmọ náà já gíláàsì gbà bó ṣe máa ń ṣe, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ ẹnu. Ìyá rẹ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà pé kí Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láìsí gíláàsì, Ojú Idì kò rí nǹkan kan, ojú ọmọ náà kàn ń ṣe bàìbàì níwájú rẹ̀.

"Sún mọ́ ibí," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Bá mi wo ẹnu rẹ̀. Àwọ̀ wo lo rí?"

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní ètè rẹ̀ pupa, ahọ́n rẹ̀ pupa, kò sí nǹkan míì níbẹ̀ ju itọ́ lọ.

"O ṣé," ni Ojú Idì wí. "O ṣé gan-an ni."